Irinṣẹ́ Tí Senka Fọwọ́ Gbé Wọlé

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Senka rí i pé ojú òpó ayélujára tí òun ti gba irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe ti àwọn tó ṣe é. Búrẹ́kì, ìpápánu ẹlẹ́ran, ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gbé e mì, kò sì tu ú dànù. Ó kàn jókòó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ife yógọ́ọ̀tì, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkìkì bí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀, torí ẹ̀rù tí èèyàn ò bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi rín.

Ilé-iṣẹ́ tó ń mú ilé móoru nílùú Belovac ni Senka ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń se omi nínú ìkòkò irin ńláńlá lẹ́yìn ìlú, àwọn ẹ̀rọ a-ti-omi á sì máa tì í gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ilé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní yàrá ìsàlẹ̀ ló ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ìgbà tí wọ́n ó tì í kíkankíkan àti ìgbà tí wọ́n ó rọra. Àgbà ni wọ́n ń pè é. Wọn ò so ó mọ́ ayélujára rí, nítorí àwọn olè. Kò ní àwòrán kankan lójú. Ojú dúdú lásán ni, ẹni bá fẹ́ kó ṣe nǹkan á tẹ àṣẹ sí i.

Kọ̀ǹpútà òde òní ní alágbàtà nínú. O kàn máa dárúkọ irinṣẹ́ tí o fẹ́ ni, alágbàtà á lọ sọ́jà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì gbé e síbi tó yẹ. Alágbàtà ti Àgbà ti di òkú. Ọjà tó ń ná ti tú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn tó ni ọjà sì ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ohun gbogbo wọlé fún un, bí ìgbà tí èèyàn ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn ní ọsibítù.

Bàbá Radoje, ọ̀gá yàrá ìsàlẹ̀, tó ku ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì, ló dá àṣà kan sílẹ̀ nítorí èyí. Gbogbo fáìlì ló ní ìtẹ̀ka tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lórí ìlà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun tó kéré bí ọmọ iná orí padà nínú fáìlì náà, gbogbo ìtẹ̀ka rẹ̀ ló máa yí. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ gba fáìlì á tẹ ìtẹ̀ka rẹ̀ sórí bébà, á gbé e wá sísàlẹ̀. Ẹnì kan á máa kà á sókè láti orí bébà, ẹnì kejì á máa wo èyí tí Àgbà fúnra rẹ̀ ṣírò, á máa dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni." Tí wọ́n bá kà á tán, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i, Bàbá Radoje á lu òǹtẹ̀ róbótó lé e gbàmù, bébà á sì wọnú fáìlì ńlá tó wà lórí pẹpẹ. Ní Belovac, ohun tí kò bá tíì ní òǹtẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan kú níbẹ̀ rí tó fi ọjọ́ mẹ́ta wà láàyè lórí ìwé, torí pé akọ̀wé gbé òǹtẹ̀ lọ síbi ìsinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Àgbà àti ẹ̀rọ a-ti-omi kẹta kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Bàbá Radoje yọ wáyà tó so Àgbà mọ́ gbogbo àwọn ẹ̀rọ náà, ó sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ máa fọwọ́ yí wọn. Ó wá rán Senka kó lọ wá irinṣẹ́ tó lè gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ. Òtútù ìta ti lọ sí ìwọ̀n mẹ́tàdínlógún sísàlẹ̀ òdo. Kíákíá ni Senka ṣe é. Ó kọ orúkọ irinṣẹ́ náà sórí ayélujára, ó tẹ èyí tó kọ́kọ́ jáde, ó gba fáìlì, ó tẹ ìtẹ̀ka rẹ̀ sórí bébà, ó sáré wálẹ̀. Òun àti Gvozden, tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú yàrá náà, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Mẹ́sàn-án." "Bẹ́ẹ̀ ni." "Lẹ́tà C." "Bẹ́ẹ̀ ni." Kò sí ọ̀kan tó yẹ̀.

Ó gbé irinṣẹ́ náà sínú Àgbà, ó pe orúkọ rẹ̀. Àgbà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Senka gbé e lọ sínú àpò tí Àgbà máa ń wò bí wọ́n bá pe orúkọ. Àgbà ní òun ti rí i wàyí, ṣùgbọ́n kò láṣẹ àtiṣiṣẹ́. Senka fún un láṣẹ. Ó ṣiṣẹ́. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi mọ̀ pé wáyà tó jẹrà ló wà nídìí ẹ̀rọ kẹta. Bàbá Radoje gbá a léjìká. "Ọmọ mi, o káre. Wọ́n á pààrọ̀ wáyà yẹn, tó bá di aago mẹ́ta, a ó so Àgbà padà." Inú Senka dùn dé bi pé ó lọ ra búrẹ́kì.

Ìtọ́ni bí wọ́n ṣe ń lo irinṣẹ́ náà ló ń wá lórí ayélujára tó fi já sí ojú òpó àwọn tó ṣe é gan-an. Àwọ̀ kan náà, àwòrán kan náà, àfi àdírẹ́sì tó yàtọ̀. Ìtẹ̀ka tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà E, ení àti èje. Ti orí bébà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́sàn-án àti lẹ́tà C. Ó ní bóyá irinṣẹ́ ti ọdún tó kọjá ni òun gbà. Ó wò ó. Ọdún kan náà ni. Ó ní bóyá ti irú kọ̀ǹpútà mìíràn ni. Irú kan náà ni. Ó tún nu ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, bí ẹni pé lẹ́tà á ṣàánú rẹ̀.

Ẹni mìíràn ló ṣe ayédèrú ojú òpó yẹn, tó sanwó kó lè kọ́kọ́ jáde. Ẹni yìí ló fún Senka ní fáìlì, òun kan náà ló sì fún un ní ìtẹ̀ka. Báwo ni kò ṣe ní bá ara wọn mu? Ẹni tó jí adìyẹ ni wọ́n pè wá jẹ́rìí adìyẹ.

Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù iṣẹ́ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń dán an wò lẹ́nu iṣẹ́, oṣù yìí gan-an ni ìdánwò náà sì máa parí. Màmá rẹ̀, Màmá Mileva, ń gbé lókè kẹrin ní òpópónà Cvetna, àyà màmá yìí kò sì dára. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ yí ẹ̀rọ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ń fọwọ́ yí i kì í jẹ́ kí omi le, kí páìpù má baà bẹ́, omi tí kò bá sì le kì í gun òkè kẹrin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màmá Mileva fi sùn sí ọsibítù lẹ́yìn rẹ̀. Bí Senka bá sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á pa Àgbà, wọ́n á fọ inú rẹ̀ mọ́ pátápátá, wọ́n á wá máa fọwọ́ to gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù á wọlé tọ màmá rẹ̀ lálẹ́ yìí, ìyẹn dájú. Bí kò bá sì sọ̀rọ̀, tí wọ́n so Àgbà padà, ó lè jẹ́ pé kò ní sí nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ pé àṣẹ wà ní ìpamọ́ nínú irinṣẹ́ náà, tí ẹnì kan tí kò mọ Belovac rí yóò fi di ọ̀gá gbogbo omi gbígbóná ìlú náà, tí á pa á nígbà tó bá wù ú, tí páìpù ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ilé á sì dì gan-an-ran.

Ó tu búrẹ́kì sínú bébà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní yàrá ìsàlẹ̀. Ó jókòó síwájú Àgbà, ó ní kó to gbogbo ohun tó wọlé lónìí fún òun, títí kan àwọn tó máa ń fi ara pamọ́. Irinṣẹ́ náà wà níbẹ̀, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Lábẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan náà, fáìlì kékeré kan wà tí kò mọ̀ rí. Ó ṣí i. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé kà, lẹ́tà ṣáá ló kún ún wúruwùru. Ó lè jẹ́ ibi tí irinṣẹ́ kọ ètò tirẹ̀ sí, púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ nínú. Ká ní ó rí ejò ni, ì bá pariwo. Ihò ló rí.

"Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn, àbúrò?"

Ó ta gìrì. Gvozden ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife kọfí.

"Bọ̀ọ̀dá Gvozden, ẹ ti ilẹ̀kùn."

"Kò tíì sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ o. Ṣé màmá rẹ ló ní atẹ́gùn á pa ọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í."

Ó tì í. Senka sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀. Ó ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ti kíbọ́ọ̀dù síwá sẹ́yìn. Gvozden kò mu kọfí rẹ̀ mọ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin."

"Kó mọ bẹ́ẹ̀." Ó fa àga, ó jókòó tì í. "Gbọ́ mi dáadáa. Irinṣẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ tá a fẹ́ kó ṣe, àbí kò ṣe é? Ó rí wáyà tó jẹrà. Olè wo ló ń bá onílé tún wáyà ṣe? Pa irinṣẹ́ náà rẹ́, pa fáìlì kékeré yẹn rẹ́, ká máa bá tiwa lọ."

"Bọ̀ọ̀dá, èyí tí mo rí nìyí o. Èyí tí mi ò rí ńkọ́?"

"Èyí tó ò rí, kò sí."

"Àgbà fún un láṣẹ ọ̀gá. Èmi ni mo ní kó fún un! Ibi tó bá wù ú ló lè wọ̀."

"Senka." Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀ pátápátá. "Orúkọ mi wà lórí bébà yẹn. Mo ní ọmọ méjì, mo ń san owó ilé fún báǹkì. Ìwọ, wọ́n á ní ọmọdé ni ọ́, o ò tíì mọ nǹkan. Èmi, kí ni wọ́n á ní mo jẹ́? Màmá rẹ sì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìwọ, aládùúgbò mi, lo sunkún sí mi léjìká ní ọsibítù lọ́dún yẹn, kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí?"

Ibẹ̀ ló ti mú un. Senka bojú wo aago. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó tẹ àṣẹ tó ń pa nǹkan rẹ́, ó kọ orúkọ fáìlì kékeré náà síwájú rẹ̀, ó wá fi ìka lé bọ́tìnnì ìkẹyìn, kò tẹ̀ ẹ́. Bó bá pa á rẹ́, kò ní í sí ohun tí èèyàn lè tọ́ka sí mọ́. Yóò kù ú ku òun àti ẹ̀rù yìí, lójoojúmọ́, gbogbo ìgbà òtútù. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá kọ́ díẹ̀, àyà òun á já. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun sì mọ̀ pé tòun nìkan kọ́ ni.

"Tẹ̀ ẹ́ nù," ni Gvozden ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tẹ̀ ẹ́, àbúrò mi."

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Radoje wọlé, yìnyín ṣì wà léjìká ẹ̀wù rẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀. "Ó dáa. Ó dáa, mo gbọ́. Ẹ kúrò nídìí rẹ̀." Ó fi fóònù sápò. "Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà. Aago mẹ́ta kò tilẹ̀ tíì lù. Àwọn ọmọ yẹn ò lè gbá ìka wọn jọ mọ́ nítorí òtútù. Ẹ yà fún mi."

Ó mú wáyà tó nípọn lórí ìkọ́, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkérora lẹ́yìn Àgbà. Gvozden ń wo ilẹ̀. Orí wáyà ti kan ẹnu ihò. Senka wólẹ̀ lórí eékún rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò náà, tó fi jẹ́ pé irin orí wáyà gún un lọ́wọ́.

"Kí lo ń ṣe! Ṣé orí rẹ ti dà rú ni?"

"Bàbá, ẹ má so ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má so ó. Ayédèrú ni mo gbé wọlé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ lórí ilẹ̀, omijé àti ikun dà pọ̀ lójú rẹ̀. Kò dárúkọ Gvozden. Ó ń retí ariwo, ó ń retí kí Bàbá Radoje nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún òun. Bàbá Radoje kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé wáyà lé itan, ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Níbo lo ti gba ìtẹ̀ka?"

"Ojú òpó kan náà ni, Bàbá."

"Ibi tó o ti gba fáìlì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Senka rí i tí ojú Bàbá Radoje ń yí padà díẹ̀díẹ̀, kò sì jọ ìbínú. Ó di pẹpẹ mú, ó dìde, ó sọ fáìlì ńlá náà kalẹ̀, ó ṣí i. Òǹtẹ̀ róbótó lórí bébà gbogbo, búlúù, ó dán, ó wuyì. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka wá nǹkan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì rí i. Ọjọ́ wà níbẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀. Ìtẹ̀ka wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ibi tí ìtẹ̀ka ti wá.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ló wí. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la ti gbé wọlé. Mọ́kàndínlógún àkọ́kọ́, èmi fúnra mi ni mo lọ gbà á. Ibi tí mo bá ti gba fáìlì ni mo ti ń gba ìtẹ̀ka." Ó gbójú sókè, ojú àgbàlagbà yẹn kún fún ẹ̀rù bíi tọmọdé. "Níbo ni ǹ bá tún ti gbà á, Senka? Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo rò pé… À ń kà á sókè, àbí a ò kà á?"

"A kà á, ọ̀gá," ni Gvozden sọ. "Gbogbo rẹ̀ la kà. Èmi náà fọwọ́ sí i."

"Ọdún mọ́kànlá la fi ń kà á."

Senka wo Àgbà, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú níwájú bó ṣe máa ń ṣẹ́jú. Òun tí ń ronú láti ọ̀sán pé òun ló ba ilé mímọ́ jẹ́. Ta ló wá mọ̀ bóyá ilé náà mọ́ rí? Ó lè ti pẹ́ tí àlejò ti ń bẹ nínú rẹ̀, tí ń wò wọ́n, tí ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni. Èyí tó dájú nínú méjèèjì kò sí nínú fáìlì ńlá yẹn.

Bàbá Radoje na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó ń pa Àgbà. Ọwọ́ náà dé ìdajì, ó dúró. Ó fà á padà, ó ki í sápò.

"Ọmọ mi, bá mi pa á."

Senka pa á. Afẹ́fẹ́ inú Àgbà yí, ó rọ̀, ó dúró. Bàbá Radoje ti gbé fóònù, ó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n máa fọwọ́ yí i, kí wọ́n rọra, kí wọ́n máa pín ara wọn sí iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, òun àti Gvozden náà ń bọ̀. Ẹnì kan ń bú u lódìkejì fóònù, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Senka bọ́ síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe màmá rẹ̀.

"Màmá, ẹ wọ súwẹ́tà méjèèjì. Ẹ gbé ibùsùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ sì pe Màmá ìsàlẹ̀ pé ẹ fẹ́ wá sùn lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ni wọ́n á fi máa yí ẹ̀rọ."

"Wọ́n ti tún pa á! Nínú irú òtútù yìí! Kí Ọlọ́run mú ẹni tó pa á!"

"Màmá, èmi ni."

Èémí Màmá Mileva nìkan ni Senka ń gbọ́, bó ṣe ń ha wọlé, tó ń ha jáde.

"Ọjọ́ mélòó?" ló béèrè níkẹyìn.

Senka wẹ̀yìn wo inú yàrá. Gvozden ti tẹ́ àwọn bébà náà sórí ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó dúró láàárín wọn, kò mọ èyí tí òun ó kọ́kọ́ mú.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Kò pa fóònù. Ó gbọ́ tí màmá rẹ̀ gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, tó ń rìn lọ sídìí àpótí aṣọ, tó sì ń wúkọ́ lọ́nà.